Ilé Oúnjẹ Mẹ́rin fún Oṣù Kẹjọ ní Lyon

Montréal,
Ọjọ́ kẹrin, Oṣù Kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń fi í gun gbogbo àtẹ̀gùn òkè Croix-Rousse yẹn, àbí ẹ ti gbà báyìí kí bọ́ọ̀sì máa gbé ẹ̀yin náà, ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín wa bọ́ọ̀sì fún ẹlòmíràn? Níbí, yìnyín ṣì ga dé ojú fèrèsé wa. Gaétan ń fi ṣọ́bìrì kó o láràárọ̀, ó ń bú u bí ẹni pé ó ní etí.

Fóònù ni ǹ bá fi sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè yín kẹ́yìn, mo ní "Ẹ ǹlẹ́, Bàbá," ẹ ní "Rárá, a kò fẹ́ ra nǹkan kan," ẹ sì pa á. Nítorí náà, ìwé ló yá.

Ìròyìn náà rèé: à ń bọ̀! Ọ̀gá Gaétan ti fún un ní ìsinmi ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹjọ. Alẹ́ mẹ́rin la máa lò ní Lyon, lẹ́yìn náà a ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Marseille lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ni mo ti ń fi oúnjẹ Lyon yangàn létí rẹ̀, débi pé tí mo bá ti la ẹnu báyìí, á ní, "Mo mọ̀, mo mọ̀, ní Lyon ó dùn ju báyìí lọ."

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán yín nìyí. Ẹ bá mi yan ilé oúnjẹ mẹ́rin, ọ̀kan fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kí ó jẹ́ ojúlówó, kì í ṣe ti arìnrìn-àjò. Kí a rí quenelle jẹ nínú ọ̀kan, kí a rí wàràkàṣì tó ń ṣàn lórí àwo nínú òmíràn. Ẹ gba tábìlì sílẹ̀ fún wa, ẹ kún ti yín mọ́ ọn.

Ẹ má bínú, òtẹ́ẹ̀lì la máa sùn, èyí tó wà létí odò Saône. Mi ò fẹ́ fi wàhálà kún ti yín.

Ọmọ yín,
Solène


Lyon,
Ọjọ́ kejìlélógún, Oṣù Kẹta

Solène ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí yìnyín yín náà tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Orí ìdúró ni mo ti ka lẹ́tà rẹ lẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé, mo jókòó, mo tún un kà.

Òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ ní láti gbé mì kí n tó lè ka ìyókù. Ibùsùn rẹ wà nílé yìí, ó wà níbi tó wà. Ṣùgbọ́n n kò ní bá ọ jà. Ọmọ tó bá ń bọ̀ wálé, a kì í bi í pé ẹsẹ̀ wo ló máa fi wọlé.

Oṣù Kẹjọ tí o sì wá mú! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó yé mi, Solène. Ìyá rẹ ì bá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí o rán mi. Ilé oúnjẹ tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì ńlá nísàlẹ̀, má bá mi dárúkọ rẹ̀: aṣọ tábìlì pupa àti funfun, àwòrán ẹlẹ́dẹ̀ kún ògiri, ọkùnrin kan dúró síta ó ń fa àlejò lọ́wọ́. Ilé oúnjẹ tó bá ń pe èèyàn lójú títì, ẹni tó jẹun níbẹ̀ lánàá ni kò padà wá.

Lọ́jọ́bọ̀ mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Guignard, obìnrin tó ni ilé oúnjẹ kékeré nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn wa. Tábìlì mélòó kan péré ló wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ ló kún ìyókù. Mo jẹ quenelle rẹ̀. O rántí bí ó ṣe máa ń rí: ẹja odò tí wọ́n gún mọ́ ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ẹyin, tó wú nínú ọbẹ̀ edé bí ìrọ̀rí ọmọ tuntun. Mo bi í pé, "Báwo lo ṣe ń ṣe é tí kì í fi tú?"

Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Honoré, láti ìgbà tí irun rẹ ti dúdú lo ti ń jẹun níbí. Ọjọ́ wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè?"

"Òní ni."

"Ọkùnrin tó bá ń béèrè bí a ṣe ń se nǹkan, obìnrin kan wà lọ́kàn rẹ̀. Ta ni? Ṣé èmi ni?"

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tí o fi ọmọrogùn lé ọkọ méjì jáde?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, ó wá fẹnu sí mi létí, ó ní kí ẹja náà tutù, kí odó tutù, kí ọwọ́ tutù, kí ọkàn ẹni tó ń gún un nìkan má tutù.

Mo ṣì ń wá àwọn yòókù. Ọ̀nà ọ̀fun mi ń ṣiṣẹ́ fún ọ.

Bàbá rẹ,
Honoré Perrachon


Montréal,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọ̀yàyà, ẹ sì kú ìnáwó ẹnu. Ojú-ìwé mẹ́rin lẹ kọ, orúkọ ilé oúnjẹ kan ṣoṣo ni mo rí níbẹ̀! Mo béèrè ibi tí a ó ti jẹun, ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń gún ẹja fún mi. Mo ka á sókè fún Gaétan, ó ní, "Ṣé Bàbá fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, Gaétan kì í jẹ inú ẹran o. Ẹ má lọ fi ṣàkì dán an wò. Mo mọ̀ yín.

Lánàá, mo ra wàràkàṣì kan níbi iṣẹ́, wọ́n ní láti agbègbè wa ló ti wá. Wọ́n ti dì í mọ́ ọ̀rá títí kò fi rùn mọ́. Mo gbé e sórí fèrèsé kó lè gbóná díẹ̀, mo dúró tì í bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Kò rùn. Mo jókòó, mo sunkún nítorí wàràkàṣì tí kò rùn. Gaétan rò pé wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ ni.

Ẹ ò béèrè, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ń dùn yín. Lọ́jọ́ tí a sin Màmá, mo wọ ilé ìdáná láti bu omi mu. Aṣọ ìdáná rẹ̀ ṣì wà níbi tó fi í kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyẹ̀fun ṣì wà lára àpò rẹ̀. Mo jáde láì mu omi náà. Ọdún mẹ́ta rèé, mi ò tí ì lè wọ ibẹ̀ padà, àní lójú àlá. Tí mo bá wọ ilé yẹn, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi máa gbà. Ìdí nìyẹn.

Ṣé ẹ ti gba àwọn tábìlì náà?

Solène


Lyon,
Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Karùn-ún

Solène mi,

Òdòdó ti yọ sí gbogbo igi ojú títì wa, mo kí ọ láti abẹ́ wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo lọ sí ilé oúnjẹ tó wà lódìkejì odò Rhône, níbi tí èmi àti Odile ìyá rẹ ti jẹun lálẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ níbẹ̀ ti di arúgbó bíi tèmi. Ó rí mi lókèèrè, ó tẹ́ tábìlì, ó gbé àwo méjì kalẹ̀, ife méjì. Nígbà tó rántí, ó fẹ́ kó ìkejì kúrò. Mo ní, "Fi sílẹ̀. Kò gba àyè." Ó gbé ẹ̀dọ̀ adìyẹ tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì fi ooru sè wá, mo sì bi í bí wọ́n ṣe ń pa òórùn ẹ̀dọ̀ náà. Wàrà ni, Solène. Inú wàrà ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí mọ́jú. Ìyá rẹ kò sọ èyí fún mi rí!

Mo gbọ́ ohun tí o sọ nípa aṣọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ń wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tábìlì, fi í lé mi lọ́wọ́. Ibi tí ẹ ó jókòó sí kò ní sọnù. Kí ọkọ rẹ wá pẹ̀lú ebi.

Bàbá rẹ


Montréal,
Ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Kẹfà

Bàbá,

Mo kí yín.

Mo ti ń dúró de orúkọ ilé oúnjẹ mẹ́ta tó kù láti Oṣù Kẹta. Nígbà tí mi ò rí wọn, mo wá nọ́ńbà Ìyá Guignard fúnra mi, mo pè é láàárín ọ̀sẹ̀ láti gba tábìlì sílẹ̀. Mi ò sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní a máa wá ní ọjọ́ kẹrin, Oṣù Kẹjọ.

Ó rẹ́rìn-ín sí mi létí. "Oṣù Kẹjọ? Ọmọ, ibo lo ti ń pè? Ta ló ń dáná ní Lyon ní Oṣù Kẹjọ? Gbogbo alásè ló ń lọ ìsinmi. Èmi àti ẹsẹ̀ mi máa wà létí òkun. Ṣé àlejò ni ọ́?"

Ojú tì mí láti sọ pé ọmọ ibẹ̀ ni mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, àlejò ni mí, ẹ ṣeun." Mo pe mẹ́fà mìíràn. Gbogbo wọn ló máa tì. Àwọn tó máa ṣí nìkan ni àwọn tó ń fa èèyàn lọ́wọ́ lójú títì.

Ẹ mọ̀, Bàbá! Ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀! Ẹ wa bọ́ọ̀sì ní ìlú yẹn títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, ẹ mọ̀ pé òfìfo ni bọ́ọ̀sì yín máa ń rìn ní Oṣù Kẹjọ. Ẹ jẹ́ kí n máa ṣètò, ẹ ń jẹun kiri, ẹ ń kọ̀wé nípa ẹ̀dọ̀ adìyẹ. Ẹ tún sọ fún mi pé ẹ ń wọ aṣọ Màmá, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ eré ni. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi.

Gaétan ní, "Ṣé ìlú tí o fi ń yangàn nìyí? Ìlú tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò?" A ti ń rò ó pé kí a kúkú lọ tààrà sí Marseille. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá wa níbẹ̀ fún ọjọ́ kan.

Ẹ fèsì kíákíá, nítorí òtẹ́ẹ̀lì.

Solène


Montréal,
Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Keje

Bàbá,

Ẹ dákẹ́. Mo pè lórí fóònù, ó dún títí kò sẹ́ni tó gbé e. Ṣé ara yín le? Tó bá jẹ́ ìbínú ni, ẹ bínú sínú ìwé kí n lè kà á. Ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ jẹ mí níyà.

Solène


Lyon,
Ọjọ́ keje, Oṣù Keje

Solène,

Mo pẹ́ kí n tó fèsì. Kì í ṣe ìbínú ló dá mi dúró. Mo kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń ya á.

Ó dára. Jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe jẹ́.

Ta ló ń sọ fún ọmọ Lyon pé ilé oúnjẹ máa ń tì ní Oṣù Kẹjọ? Ó dà bíi kí n sọ fún ọ pé odò Saône ní omi. Nígbà tí o kọ̀wé pé kí n gba tábìlì fún ọ nínú oṣù yẹn, mo rò pé ò ń bá mi ṣàwàdà ni. Mo rò pé ò ń yọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ, bí o ṣe máa ń ṣe ní kékeré, tí ebi bá ń pa ọ́, wàá ní, "Bàbá, ṣé ebi ò pa yín?"

O ò rántí Oṣù Kẹjọ ìyá rẹ ni? Gbogbo àdúgbò á ti lọ sétí òkun, àwa tí a ò lọ ibì kankan á ṣí fèrèsé ilé ìdáná sílẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ á wà lórí iná, ẹnikẹ́ni tó bá kù ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì wa á gun òkè wá pẹ̀lú àwo tirẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe. Ìyá arúgbó inú yàrá abẹ́ òrùlé tó ń bú gbogbo ènìyàn. Odile á ní, "Ilé oúnjẹ kan ṣoṣo tó ṣí ní Lyon nìyí, ẹ jẹ́ kí a rí ìwà yín." Mo rò pé oṣù náà gan-an lo mọ̀ọ́mọ̀ mú. Mo rò pé, "Ọmọ mi fẹ́ wá jẹun nílé, ẹnu rẹ̀ ni kò gbà á láti sọ ọ́."

N kò yan ilé oúnjẹ kankan, Solène. Mo ń lọ kọ́ iṣẹ́ ni. Ìyá rẹ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìkòkò láyé rẹ̀, n kò mọ ju ẹyin díndín lọ. Quenelle àkọ́kọ́ tí mo sè tú sínú omi bí ọṣẹ. Èkejì le tó bẹ́ẹ̀ tí ológbò ìsàlẹ̀ fi gbóòórùn rẹ̀ tó sì bá tirẹ̀ lọ. Aṣọ yẹn ni mo ń wọ̀ nítorí pé ìyẹ̀fun ń ba ṣẹ́ẹ̀tì mi jẹ́, àti nítorí pé tí mo bá wọ̀ ọ́, mo máa ń bi Odile bóyá iyọ̀ ti tó.

Tó bá jẹ́ Marseille lẹ fẹ́, ẹ lọ. Òkun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní wọ ọkọ̀ ojú irin wá jẹun lórí tábìlì ẹni tí n kò mọ̀, kí n máa wo ọmọ mi bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó fẹ́ lọ.

Bàbá rẹ


Montréal,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Keje

Bàbá mi, Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà yín àti tèmi fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn lójú ọ̀nà. Ẹ forí jì mí.

Mi ò bá yín ṣàwàdà. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Mo ti gbàgbé ni. Mo gbé ìwé kọ, mo kọ Oṣù Kẹjọ sí i bí ẹni tí wọn kò bí ní ìlú yẹn. Mo gbàgbé fèrèsé tó ṣí, mo gbàgbé Ìyá abẹ́ òrùlé, èmi tí wọ́n máa ń rán lọ gbé àwo rẹ̀ padà! Nígbà tí Ìyá Guignard bi mí bóyá àlejò ni mí, mo rò pé irọ́ ni mo pa fún un.

Mo ka lẹ́tà yín fún Gaétan. Nígbà tí mo dé ibi ológbò, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ibi aṣọ, ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé. Ó wá ní, "Ẹni tó ń kọ́ oúnjẹ sísè nítorí rẹ láti ìgbà òtútù lo wá ń bá jà nítorí tábìlì? Pe òtẹ́ẹ̀lì yẹn báyìí, kí o ní a ò wá mọ́."

Mo ti pè wọ́n. A máa dé ní ọjọ́ kẹrin, ní ọ̀sán. Kò sí Marseille mọ́, gbogbo ọjọ́ náà ti yín ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi, Bàbá. Mi ò lè ṣèlérí pé màá wọ ilé ìdáná. Ẹ gbé àga kan sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kí n jókòó síbẹ̀ ná. Ẹ máa sè, ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀, ẹ má wo ojú mi.

Ọmọ yín,
Solène


Lyon,
Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kẹsàn-án

Solène, ọmọ Odile,

Mo kí ọ, mo kí Gaétan. Sọ fún un pé ṣàkì ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ kẹta, èyí tí mo yí mọ́ búrẹ́dì gbígbẹ tí mo sì dín. Ó ní ẹja wo nìyí tó dára tó báyìí, ó sì fi búrẹ́dì nu àwo. N kò ronú pìwà dà.

Ilé náà dákẹ́. Àga tí o jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti gbé e padà sídìí tábìlì, nítorí ìwọ fúnra rẹ lo gbé e wọlé lọ́jọ́ kejì nígbà tí o pariwo pé, "Ẹ̀ ń pa ẹja yẹn lára, ẹ gbé odó yẹn wá!" N kò wo ojú rẹ gẹ́gẹ́ bí o ṣe ní. Mo wo ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ ìyá rẹ ni.

Láti ọjọ́ yẹn títí ẹ fi lọ, ìjà iyọ̀ ni a ń jà. O ní ó pọ̀, mo ní kò tó. O fi omi kún ọbẹ̀ mi lẹ́yìn mi, mo bu iyọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ. Gaétan jókòó láàárín, ó ń jẹ ẹ́ bó ṣe wá.

Ní báyìí gbogbo ilé oúnjẹ ti ṣí padà. Àwọn alásè ti dé pẹ̀lú imú tí oòrùn ti bó. Lánàá mo jáde láti lọ jẹun. Mo dúró níta, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Èmi tí mo mọ àṣìṣe gbogbo wọn, n kò mọ èyí tí mo máa wọ̀. Ẹsẹ̀ ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Guignard.

"Ọmọ rẹ ńkọ́?" ló kọ́kọ́ bi mí. "Ṣé ó wá?"

"Ó wá."

"Ní Oṣù Kẹjọ? Ibo ló ti jẹun?"

"Lọ́dọ̀ mi."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ọlọ́run ṣàánú ọmọ náà. Ṣé ó yè?"

Ó gbé quenelle wá. Ó dùn ju tèmi lọ fíìfíì, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo jẹ ìdajì, mo gbé síbí sílẹ̀.

"Kí ló ṣe é?" ni ó bi mí, ohùn rẹ̀ ti ń ga sókè.

"Kò sí ohun tó ṣe é," ni mo wí. "Kò sẹ́ni tó ń bá mi jà lórí iyọ̀ rẹ̀ ni."

Ilé oúnjẹ kún fọ́fọ́, àwọn ènìyàn ń pè é lọ́tùn-ún lósì. Ó fa àga, ó jókòó síwájú mi, ó mú síbí, ó bu ọbẹ̀ ara rẹ̀ tọ́ wò. Ó fajú ro.

"Honoré," ó ní, "iyọ̀ yìí mà ti pọ̀ jù."

"Kò pọ̀!"

"Ó pọ̀! Ta ló bí ọ tí o fi rò pé o mọ iyọ̀?"

Irọ́ ló ń pa, Solène. Mo jẹ ẹ́ tán.

Bàbá rẹ,
Honoré